Ìwé Dókítà Tí Imorou Kà fún Ìyàwó Rẹ̀

Ní Tchaourou, nínú ilé kan tó kọjú sí ojú irin, Roukaya aránṣọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Parakou, tí wọ́n gé ìfun kékeré kan tó wú, tó fẹ́ bẹ́ sí i nínú. Imorou ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó iṣu lọ Cotonou, ó gba CEP, ìwé ẹ̀rí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ń gbé ìwé wá bá a kí ó bá wọn kà á. Ó wọlé ní ọ̀sán yìí pẹ̀lú abọ́ tó fi àwo dé.

IMOROU: Ìyá Hakim, dìde díẹ̀. Oúnjẹ dé.

ROUKAYA: Kí ló wà nínú ẹ̀?

IMOROU: Ṣí i wò.

(Roukaya ṣí i. Ó wo inú abọ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo inú abọ́.)

ROUKAYA: Gúgúrú.

IMOROU: Ó ṣì gbóná.

ROUKAYA: Bàbá Hakim, gúgúrú ni mo jẹ lánàá. Gúgúrú ni mo jẹ níjẹta. Ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ níyàwó ni?

IMOROU: Ìwé dókítà ni mò ń tẹ̀lé. Èmi kì í ṣe bó ṣe wù mí.

(Ó fa ìwé kan yọ lápò àyà. Ó ti fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé owó. Ó tú u, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó fi ìka tọ́ka sí i.)

IMOROU: "Manger léger." Manger ni kí èèyàn jẹun. Léger ni nǹkan tó fúyẹ́. Voilà. Mo ronú títí. Iṣu wúwo. Ìrẹsì wúwo. Mo gbé ẹ̀wà sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kajú, ó tún wúwo ju ìrẹsì lọ. Kí ló fúyẹ́ ju gúgúrú lọ ní gbogbo Tchaourou? Afẹ́fẹ́ nìkan.

ROUKAYA: Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbé afẹ́fẹ́ fún mi.

IMOROU: Mo rò ó o.

ROUKAYA: Ògì ńkọ́? Ògì lásán, tí gbogbo ayé ń fún aláìsàn?

IMOROU: Ìkòkò ògì tí mo fi ọwọ́ méjì gbé, tí ẹ̀yìn mi sì dún? Ìyẹn lo pè ní léger?

ROUKAYA: Wọ́n gé lára ìfun mi, ẹ wá ń da èèpo àgbàdo sí èyí tó kù. Ó dáa. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹ pe ọmọ mi fún mi.

IMOROU: Yasmine wà níléèwé.

ROUKAYA: Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí. Hakim àti Rafiou.

IMOROU: O ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ọ lọ́jọ́ tí mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Sanson.

ROUKAYA: Ọjọ́ kẹrin rèé. Rafiou kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò sùn níbòmíràn rí. Ó di ìró mi mú lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú ìdí ẹrù.

IMOROU: Ṣé ó dùn mọ́ mi ni? Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́ o. "Enlever les fils, dixième jour." Enlever, kí á mú kúrò. Les fils, àwọn ọmọkùnrin. Dixième jour, ọjọ́ kẹwàá. Kí á mú àwọn ọmọkùnrin kúrò lọ́jọ́ kẹwàá. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹwàá kò tíì mọ́ tán tí mo ti gbé wọn sórí alùpùpù zẹ́mì. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé.

ROUKAYA: Kí ló dé tí kò ní kí á mú Yasmine kúrò?

IMOROU: Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé dókítà ní làákàyè. Fille ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin. Mo wo iwájú ìwé, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí fille níbẹ̀. Ọmọkùnrin ló máa ń fò lu èèyàn lórí ibùsùn. Ọmọbìnrin máa ń jókòó jẹ́ẹ́.

ROUKAYA: Ta ló já bọ́ lórí igi kajú Tata Latifath aládùúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá?

IMOROU: Yasmine.

ROUKAYA: Ẹ̀n-ẹ́n.

IMOROU: Dókítà kò mọ Yasmine.

ROUKAYA: Ó wá mọ Rafiou?

(Imorou ká ìwé náà pọ̀, ó tún ṣí i.)

ROUKAYA: Ọjọ́ wo ni ìwé ní kí wọ́n padà?

IMOROU: Kò sọ ìyẹn.

ROUKAYA: Kò sọ ọ́? Ṣé wọ́n á máa gbé Sanson títí wọ́n á fi níyàwó ni?

IMOROU: Ó ṣeé ṣe kó gbàgbé. Dókítà náà, èèyàn ni.

ROUKAYA: Ẹ fún mi ní pọ́tábù mi. Kí n pe ìyá yín, kí n ṣáà gbọ́ ohùn wọn.

IMOROU: Pọ́tábù rẹ ti kú.

ROUKAYA: Ẹ ṣáàjì ẹ̀.

IMOROU: Há! O fẹ́ kí n pa ọ́ ni? Ó wà nínú ìwé. "Ne pas porter de charge." Ne pas, má ṣe. Porter, pọ́tábù nìyẹn. Charge, ṣáàjì. Má ṣe fi pọ́tábù sórí ṣáàjì. Iná rẹ̀ ló máa ń ba ojú ọgbẹ́ jẹ́.

ROUKAYA: Tiyín tó ń gba iná lókè orí mi níbẹ̀ yẹn ńkọ́?

IMOROU: Èmi kò ní ọgbẹ́.

ROUKAYA: Bàbá Hakim, ọjọ́ kọkànlá rèé tí pọ́tábù mi ti kú. Aṣọ oníbàárà mẹ́fà wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n á rò pé èmi gan-an ni mo kú.

IMOROU: Wọn kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì péré ló ti wá kí mi kú àdánù, mo sì là á yé wọn.

(Roukaya fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora gún un, ó fi ọwọ́ di ikùn mú lápá ọ̀tún nísàlẹ̀.)

ROUKAYA: Ìwé yẹn, ṣé kò sọ̀rọ̀ ẹrù? Èmi ṣáà gbọ́ pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í gbé nǹkan tó wúwo.

IMOROU: Mo wá a. Kò sí ẹrù níbẹ̀.

ROUKAYA: Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé korobá omi láti ìdí pọ́ǹpù wọlé. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń wò mí.

IMOROU: Èmi kò kàn ń wò ọ́. Mo kí ọ kú iṣẹ́.

ROUKAYA: Òótọ́ ni. Ẹ kí mi. Láti ìgbà tí ẹ ti kí mi yẹn ni ibẹ̀ ti ń fà mí, bí ìgbà tí aṣọ bá há mọ́ ìṣó. Lónìí, ó ń jó mi.

IMOROU: Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn. Jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́ rẹ.

(Ó gbé òwú ìnu-ọgbẹ́ àti oògùn pupa. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó yí ojú sí ògiri, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.)

ROUKAYA: Ìdodo mi nìyẹn.

IMOROU: Mo mọ̀.

ROUKAYA: Ìgbáròkó mi nìyẹn.

IMOROU: Mò ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

ROUKAYA: Bàbá Hakim, láti ọjọ́ tí a ti dé, ẹ kò fi ojú kan ọgbẹ́ yìí rí. Ògiri lẹ̀ ń tọ́jú. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò ní kí a máa wá lọ́jọ́ méjì méjì kí wọ́n máa bá wa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ní rárá, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ṣe.

IMOROU: Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ni mi ò fẹ́ rí. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́.

ROUKAYA: Ẹ jẹ ẹ̀jẹ̀?

IMOROU: Ẹ̀jẹ́! Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé mi ò ní wo ẹ̀jẹ̀ mọ́, láti ọjọ́ iléyá yẹn.

ROUKAYA: Ọjọ́ tí wọ́n pa àgbò tí ẹ̀yin àti àgbò jọ ṣubú? Àwọn ọmọdé ń béèrè èwo nínú yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bó.

IMOROU: Òòrùn ló mú mi lọ́jọ́ náà.

ROUKAYA: Ẹ gbé dígí mi wá. Èyí tí mo fi ń jẹ́ kí oníbàárà wo ẹ̀yìn aṣọ.

(Imorou gbé dígí wá. Roukaya ṣí aṣọ ọgbẹ́ fúnra rẹ̀, ó gbé dígí síbẹ̀, ó tẹ orí ba. Imorou ń ka àjà ilé.)

ROUKAYA: Há.

IMOROU: Kí ni?

ROUKAYA: Ta ló rán èyí?

IMOROU: Dókítà ńlá ni. Wọ́n ní ó kàwé dé ìlú òyìnbó.

ROUKAYA: Ẹ wo bó ṣe rán an. Èyí gùn, èyí kúrú. Bí mo bá gbé irú èyí fún oníbàárà, á fi nà mí lójú... Bàbá Hakim, okùn ṣì wà níbẹ̀.

IMOROU: Okun wà níbẹ̀? Alhamdulillahi! Okun tí mò ń tọrọ fún ọ ní gbogbo ìrun márùn-ún nìyẹn!

ROUKAYA: Okùn!

IMOROU: Àmín, okun!

ROUKAYA: Okùn, tí wọ́n fi rán mi! Ó dúdú, ó ga bí irun imú àgbàlagbà. Ara ti ń wú bò ó. Ibẹ̀ ti pupa, ó ti ń ṣomi.

IMOROU: Àfi kí okùn wà níbẹ̀. Wọ́n rán ọ. Ṣé ìṣó ni wọn ì bá fi kàn ọ́ pọ̀ ni?

ROUKAYA: Latifath tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ, tirẹ̀ yọ́ fúnra rẹ̀. Mo rò pé tèmi náà máa yọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kó yọ́. Èyí kò ní yọ́. Òwú gidi ni. Mo mọ òwú.

(Ó gbé dígí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kúrò lára ọgbẹ́, ó bọ́ sára ìwé tó wà lórí orúnkún ọkọ rẹ̀.)

ROUKAYA: Ẹ tún ibi tó sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kà.

IMOROU: "Enlever les fils."

ROUKAYA: Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

IMOROU: F. I. L. S. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni "fíìsì". Ó wà lórí ìwé ìbí mi: "fils de Bouraïma." Ọmọ Bouraïma. Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní orúkọ bàbá mi ni?

ROUKAYA: Rárá o. Ẹ fa páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn yìí jáde.

IMOROU: Páálí òwú rẹ? Èéṣe?

ROUKAYA: Èmi ò mọ̀wé. Ẹ kàn bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

(Imorou wólẹ̀, ó fa páálí náà jáde, ó gbọn eruku rẹ̀. Ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ wàásù.)

IMOROU: "Fil à coudre."

ROUKAYA: Kí ni ìyẹn?

IMOROU: Òwú ìránṣọ ni. Ọmọdé ló mọ̀ ọ́n.

ROUKAYA: Ẹ ka ti àkọ́kọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

IMOROU: F. I. L...

(Ó dúró. Ó wo páálí. Ó wo ìwé. Ó tún gbọn páálí náà, bí ẹni pé eruku ló bo ìyókù.)

ROUKAYA: Bàbá Hakim, kí ni ọmọkùnrin ń ṣe nínú páálí òwú mi?

IMOROU: Kò sí S níbí.

ROUKAYA: Bí òwú bá ju ẹyọ kan lọ ńkọ́?

IMOROU: Tí ó bá ju ẹyọ kan lọ...

ROUKAYA: Mò ń gbọ́ yín.

IMOROU: Wọ́n á fi S sí i.

(Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá níta, ilé mì díẹ̀.)

ROUKAYA: Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ okùn lára mi, ẹ yọ ọmọ lára mi. Wọ́n rán mi ní Parakou, ẹ rán ọmọ mi ní Sanson. Gbogbo nǹkan tó yẹ kó jáde ló wà nílé. Gbogbo ẹni tó yẹ kó wà nílé ló ti jáde.

IMOROU: Ẹ̀bi Faransé ni! Irú èdè wo nìyẹn? Báwo ni wọ́n ṣe máa fi lẹ́tà kan náà kọ ọmọ, kí wọ́n fi kọ òwú?

ROUKAYA: Okun, okùn, òkun, lẹ́tà mélòó la fi ń kọ wọ́n? Kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n béèrè ni.

IMOROU: Mais Ìyá Hakim...

ROUKAYA: Má pè mí! Ìwọ Imorou, ìwọ lo fẹ́ pa mí!

IMOROU: O pè mí ní ìwọ? Láti ọdún mẹ́tàlá tí mo ti fẹ́ ọ, o pè mí ní ìwọ?

ROUKAYA: Ọgbẹ́ ló pè yín bẹ́ẹ̀. Kò mọ àgbà. Ẹ gbé sáásì mi wá, àlùmọ́gàjí kékeré tó mú ẹnu ṣóńṣó yẹn.

IMOROU: Kí lo fẹ́ fi ṣe?

ROUKAYA: Kí ni mo máa ń fi ṣe? Ogún ọdún rèé tí mo ti ń tú aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́. Èyí kò lè le ju ọrùn agbádá lọ.

IMOROU: Wallahi, o kò ní fọwọ́ kàn án!

ROUKAYA: Ẹ gbé e wá, tàbí kí n dìde lọ gbé e.

(Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Imorou sáré lọ sórí tábìlì ìránṣọ, ó kó gbogbo sáásì tó wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, ó jókòó lé wọn. Ó fò dìde. Ó wá kó wọn sábẹ́ apá.)

IMOROU: Mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, Roukaya. Bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé? Kí ni mo máa sọ fún àwọn ọmọ?

ROUKAYA: Ẹ máa ka ìwé fún wọn.

(Ìyẹn wọ Imorou lára. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sáásì márùn-ún lábẹ́ apá.)

ROUKAYA: Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Parakou, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ dúró níwájú yín. Ó gbé ìwé lé yín lọ́wọ́. Ó tún bi yín pé, "Tonton, ṣé ó yé yín?" Mo gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí ó là á yé yín?

IMOROU: Salifou ẹgbẹ́ wa dúró tì mí. Òun náà wá gba oògùn.

ROUKAYA: Kí ni ti Salifou nínú ẹ̀?

IMOROU: Èmi ni mò ń bá Salifou ka ìwé. Èmi ni mò ń bá gbogbo ẹgbẹ́ ka ìwé. Kí n wá sọ níwájú rẹ̀ pé kò yé mi, kí ọmọdébìnrin kan máa tọ́ka sí i fún mi bí ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé ní CP?

ROUKAYA: Nítorí ojú Salifou.

IMOROU: Nítorí ojú Salifou.

ROUKAYA: Ojú tí kò ríran kọjá imú rẹ̀. Ẹ kò fẹ́ tijú ìṣẹ́jú méjì níwájú Salifou, ẹ wá fi ikùn mi san án.

(Imorou wo ìwé tó ti já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.)

IMOROU: Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ yàrá yẹn, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ka gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún padà kà á. Kò yé mi, ọ̀kankan nínú rẹ̀ kò yé mi. Mo kàn ń kà á lọ kí n má baà sunkún lójú àwọn èèyàn.

(Roukaya wò ó pẹ́. Ó mú ìwé náà lórí ilẹ̀, ó ká a, ó nà á sí i.)

ROUKAYA: Ẹ lè sunkún, Bàbá Hakim. Ẹkún kì í ṣe gbólóhùn Faransé, ẹ kò lè ṣì í kà. Ẹ pe nọ́ọ̀sì.

(Imorou tú pọ́tábù rẹ̀ kúrò lára iná, ó pe ilé ìwòsàn àdúgbò. Roukaya ń gbọ́ ti ọkọ rẹ̀ nìkan.)

IMOROU: Àlò? Ẹ kú iṣẹ́, ma sœur. Èmi ọkọ Roukaya aránṣọ ni... Ọjọ́ kẹrìnlá... Rárá, a kò tíì yọ ọ́... Nítorí pé mo kó àwọn ọmọ lọ sí Sanson... Rárá, kò sí ọmọ nínú ọgbẹ́... Okùn ni mo rò pé ó jẹ́ ọmọ... Rárá, ma sœur, mi ò mutí. Mùsùlùmí ni mí... Ó pupa. Ó ń ṣomi... Òun gan-an ló wò ó, èmi ń wo àjà... Ẹ̀n. Ẹ̀n. Nísinsìnyí?

ROUKAYA: Kí ló wí?

IMOROU: Ó ní kí a máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bó bá tún fi di ọ̀la, Parakou ni a máa padà sí.

ROUKAYA: Kí ló tún wí?

IMOROU: Kò sí.

ROUKAYA: Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

IMOROU: Ẹ̀rín ló ń rín.

(Imorou dá ọkọ̀ tó ń kó kajú dúró, ó bẹ awakọ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ síwájú, òun jókòó sẹ́yìn lórí àpò. Nígbà tí òòrùn ń rẹlẹ̀, àwọn méjèèjì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà. Okùn ti kúrò. Wọ́n ti fọ ọgbẹ́, wọ́n ti fún Roukaya ní abẹ́rẹ́ àti oògùn ọlọ́jọ́ méje. Òwú ìnu-ọgbẹ́ kékeré kan lẹ̀ mọ́ iwájú orí Imorou.)

ROUKAYA: Ṣé ó ṣì ń dùn yín?

IMOROU: Díẹ̀. Etí tábìlì yẹn mú ju bó ṣe yẹ lọ.

ROUKAYA: Okùn méje ló fẹ́ yọ. Ibi èkejì lẹ ti ṣubú.

IMOROU: Mo wo ìkíní. Gbogbo rẹ̀ ni mo wò. Mi ò yí ojú padà.

ROUKAYA: Mo rí yín. Ọwọ́ mi lẹ dì mú, ẹ dì í bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sá lọ. Nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ fi èmi sílẹ̀, kó fa yín jáde ní ẹsẹ̀.

IMOROU: Nígbà tí mo jí, mo bi í ní gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ó là á yé mi ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Porter de charge", ẹrù ni. Ẹrù gan-an ni kí o má gbé.

ROUKAYA: Ẹ kò ní kí mi kú iṣẹ́ mọ́ nìyẹn.

IMOROU: Ó ní ògì dára. Ó ní ẹja, ó ní ìrẹsì tó rọ̀. Mo tún bi í léèrè ìwé Salifou.

ROUKAYA: Ìwé Salifou wo?

IMOROU: Ìwé oògùn rẹ̀. Wọ́n kọ "à jeun" síbẹ̀. Jeune ni ọ̀dọ́ ní Faransé. Mo ti sọ fún un pé oògùn àwọn ọ̀dọ́ ni, kí àgbàlagbà bíi tirẹ̀ má fẹnu kàn án. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa lò ó kí ó tó jẹun ni.

ROUKAYA: Yéè! Ẹ ti pe Salifou?

IMOROU: Mo ti pè é. Mo sọ fún un pé mo ṣì í kà. Lẹ́nu ara mi, Ìyá Hakim. Mo ní, "Salifou, mi ò mọ̀ ọ́n."

ROUKAYA: Kí ló sọ?

IMOROU: Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbé ìwé òun lọ bá ẹlòmíràn lẹ́yìn tí mo bá kà á tán. Àánú mi tó ń ṣe é ni kò jẹ́ kí ó sọ.

(Roukaya fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ẹ̀rín ni ó ń dì.)

ROUKAYA: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ìyá yín ńkọ́?

IMOROU: Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Hakim ní kí n kí ọ. Rafiou ní ṣé dókítà ti dárí ji àwọn.

(Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Roukaya. Ó fi etí ìborùn nu ojú.)

ROUKAYA: Kí lẹ sọ fún un?

IMOROU: Mo ní dókítà kò bá wọn jà rí. Mo ní bàbá wọn ló ṣẹ̀.

ROUKAYA: Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

IMOROU: Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí.

(Wọ́n jókòó. Ọkọ̀ kan yọ lókèèrè, ó yà lọ síbòmíràn. Imorou ń fi ìka tẹ òwú tó wà níwájú orí rẹ̀.)

IMOROU: Nígbà tí mo wà níta, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, tó sì ń kọ ọ́ sínú káànẹ́ ìwòsàn rẹ. Kí ló bi ọ́?

ROUKAYA: Ó ní ta ló ń tọ́jú mi nílé.

IMOROU: O dárúkọ mi?

ROUKAYA: Mo dárúkọ yín.

IMOROU: Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀?

ROUKAYA: Lójú mi. Gègé dúdú ló fi kọ ọ́, ó tún fa ìlà sí i nídìí.

(Imorou tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó jókòó dáadáa.)

IMOROU: Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ wà ńlé. Apá ibo ló kọ ọ́ sí? Níbi tí wọ́n ń kọ ẹbí sí?

ROUKAYA: Èmi ò mọ̀wé, mo bi í léèrè. Ó ní ibẹ̀ kọ́. Ó ní ibi tí wọ́n ti béèrè pé àìsàn mìíràn wo ló tún ń ṣe mí ni òun kọ yín sí.